Oyin Kan, Ata Kan

Ọkùnrin náà jókòó sẹ́yìn ọlọ́kadà, ó ń kàwé. Ọ̀sán gangan ni, ní oríta Marché Dakar, níbi tí àwọn takisí aláwọ̀ òféèfèé àti àwọn ọ̀kadà tí ará Douala ń pè ní bẹ́ńsíkìn ti ń fọn fèrè síra wọn létí. Gbogbo ènìyàn ló ń pariwo, gbogbo ènìyàn ló ń làágùn. Ọkùnrin yìí ní tirẹ̀ fi ọwọ́ kan di irin ẹ̀yìn alùpùpù mú, ó fi èkejì gbé ìwé síwájú ojú, ara rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tó wà ní pálọ̀ ìyá rẹ̀. Nígbà tó kan kí ó ṣí ojú ewé, àgbọ̀n ló fi ṣí i.

Àdùnní Ṣóbọ̀wálé, tó ń to abọ́ oníke léra wọn níwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, rí gbogbo rẹ̀. Ó ṣì ń wò ó nígbà tí òjò dé. Òjò Douala kì í kìlọ̀, ó kàn máa ń dà wáá ni. Àwọn kan fi báàgì borí, àwọn kan fi páálí borí. Ọkùnrin yìí ki ìwé bọ inú ẹ̀wù, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ àyà, ó sì fi orí ara rẹ̀ sílẹ̀ fún òjò. Àdùnní bú sẹ́rìn-ín, kò tilẹ̀ mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà jáde.

Ọlọ́kadà dúró. Ọkùnrin náà sáré wọ abẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù wọn, omi ń kán nímú rẹ̀.

"Pardon, madame," ni ó wí. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó ka orúkọ tó wà lára pátákó, ó sì yí èdè padà, pẹ̀lú ahọ́n tó ti bá Faransé gbé pẹ́. "Ẹ káàsán o. Ṣé Yorùbá ni yín?"

"Yorùbá ni wá. Ṣé ìwé yín ò rin?"

"Kò rin. Èmi nìkan ni mo rin."

"Mo rí i. Ìwé kí ni, tí ẹ gbá mọ́ra bí ọmọ tuntun?"

Ó yọ ọ́ láyà, ojú tì í díẹ̀ kí ó tó fi hàn án. "Bí wọ́n ṣe ń sin ìgbín ni."

"Ẹ̀ ń sin ìgbín?"

"Rárá o. Fìríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ni mò ń tún ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ìwé yìí fẹ́ràn ìgbín kọjá bó ṣe yẹ. Ó kọ ojú ewé méje lórí ìgbín kan ṣoṣo tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Díẹ̀ ló kù kí n sunkún nílé oníbàárà mi ní Bonapriso."

Àdùnní tún rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà na ọrùn, ó rí ìwé tí Àdùnní náà dojú rẹ̀ dé sórí tábìlì: ìtàn obìnrin kan tó ń wa ọkọ̀ agbégẹdú lọ sí etí òkun.

"Èyí ńkọ́? Ṣé ó dára?"

"Mi ò tíì kà á tán. Mi ò kì í sọ̀rọ̀ lórí ohun tí mi ò tíì kà tán."

"Kódà bó bá jẹ́ èèyàn?"

"Tó bá jẹ́ èèyàn, mi ò kì í kánjú rárá."

Òjò náà rọ̀ fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tó dá, àwọn méjèèjì ò mọ̀. Ọlárìndé ni orúkọ ọkùnrin náà. Deïdo ni wọ́n bí i sí, ìyá rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá rẹ̀ ti kú láti kékeré rẹ̀. Kí ó tó lọ, Àdùnní ní kí ó wá sí Ẹgbẹ́ Akàwé ní ọjọ́ Ìsinmi tó gbẹ̀yìn oṣù, kí ó wá sọ ọ̀rọ̀ ìgbín náà fún àwọn ẹlòmíì. Nígbà tó lọ tán, Àdùnní ka àwọn abọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta láìmọ iye tó jẹ́.

Ẹgbẹ́ Akàwé kì í ṣe ẹgbẹ́ ńlá. Bí ènìyàn mẹ́rìnlá ni wọ́n, yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Deïdo ni wọ́n sì ti ń pàdé lẹ́yìn ìsìn. Alàgbà Ṣóbọ̀wálé, bàbá Àdùnní, ló dá a sílẹ̀ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, tí ilé wá dákẹ́ jù fún un. Òfin kan ṣoṣo ló ṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá dìde sọ̀rọ̀ lórí ìwé tó kà gbọ́dọ̀ mú oyin kan wá àti ata kan: ohun kan tó dùn mọ́ ọn, ohun kan tó ta á lẹ́nu. Oyin ló gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Lọ́jọ́ tí Ọlárìndé kọ́kọ́ wá, Sandra ló bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, òun náà sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Ìtàn ọ̀daràn ló kà. "Oyin rẹ̀ ni pé mi ò sùn fún ọjọ́ méjì. Ata rẹ̀ ni pé láti ojú ewé kejìlá ni mo ti mọ̀ pé dókítà ló pa ọkùnrin náà. Dókítà wo ló máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ bàtà láàárọ̀ Sọ́ńdè?"

Ìyá Bùsọ́lá gbé ìwé ìdáná dìde, èyí tí sístà ìjọ Àgùdà kan kọ. Ó ní àwọn àwòrán inú rẹ̀ mú òun da itọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n nínú igba oúnjẹ, kò sí ẹyọ kan tó ní ata. "Mo ti ń gbàdúrà fún obìnrin náà," ni ó wí. Alàgbà fúnra rẹ̀ ka ìwé kan lórí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin. Oyin rẹ̀ ni pé ẹni tó kọ ọ́ ka gbogbo afárá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ata rẹ̀ ni pé kò dárúkọ ẹnì kan nínú àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn kọ́ wọn.

Nígbà tó kan Ọlárìndé, ó sọ ti ìgbín, ìdajì ní Yorùbá, ìdajì ní Faransé, títí Alàgbà fi ń nu ojú nítorí ẹ̀rín. "Ọmọ yìí ń kàwé pẹ̀lú ọkàn rẹ̀," ni bàbá sọ sí Àdùnní létí. Inú Àdùnní dùn bíi pé òun ni wọ́n yìn.

Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí Ọlárìndé kì í yà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń yá ìwé, ó ń dá ìwé padà, ó ń bá wọn gbé abọ́. Ìṣòro kan ni ó wà. Ó gbọ́ Yorùbá, ó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ilé ìwé Faransé ló lọ, kò mọ̀ ọ́n kà. Ní ọjọ́ kan, Àdùnní bá a lórí àpótí níwájú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń fi ìka tọ abẹ́ ọ̀rọ̀, ètè rẹ̀ ń mì.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka Yorùbá. Ìyá mi máa ń kọ àwọn orin yìí, mo mọ̀ wọ́n lórí. Mo wá ń wo bí ohun tí mo mọ̀ ṣe rí lórí ìwé."

"Nítorí kí ni, ní ọjọ́ orí rẹ yìí?"

"Ìwọ nìkan lo máa ń dá rẹ́rìn-ín sí àwọn ìwé Yorùbá yẹn. Ó ń jowú mi." Ó rẹ́rìn-ín, ó tún un sọ. "Mò ń jowú wọn ni."

Oṣù mẹ́rin ló fi kọ́ ọ. Ìwé ọmọdé kan nípa ewúrẹ́ tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ló kọ́kọ́ kà tán, ó sì mú un wá sí ẹgbẹ́ pẹ̀lú ìgbéraga bí ẹni tó gba oyè. Lẹ́yìn náà àwọn ìwé ń sanra sí i. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, wọn a jókòó sórí bẹ́ńṣì obìnrin ẹlẹ́ja sísun tó wà nítòsí afárá Deïdo, wọn a sì máa jiyàn. Ọlárìndé kò fẹ́ ìwé tí ẹni rere ti ń kú ní ìparí. Àdùnní ní tirẹ̀ kò lè fara da obìnrin tí kì í jẹun nínú ìtàn. "Ojú ewé igba! Kò jẹ búrẹ́dì, kò mu omi. Ṣé iwin ni?"

Lórí bẹ́ńṣì yẹn ni Ọlárìndé ti yọ egungun ẹja kúrò fún un lọ́jọ́ kan, tó sì sọ ọ́ láìwo ojú rẹ̀.

"Àdùnní, mo fẹ́ràn rẹ. Mi ò fi ṣeré o."

Àdùnní kò lè ṣe kí ó má fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Oyin nìyẹn. Ata ńkọ́?"

"Ata ni pé ìwọ tí o kì í sọ̀rọ̀ lórí ohun tí o kò tíì kà tán, ìparí ìwé lo máa ń kọ́kọ́ kà. Mo ti rí ọ lẹ́ẹ̀mejì."

Ó fi ọwọ́ bojú. "Àṣírí mi tú. Èmi náà fẹ́ràn rẹ, olówó orí mi. Ata tìrẹ ni pé ohun tó bá ti wà lọ́kàn rẹ, o máa sọ ọ́, láìwo ẹni tó jókòó níbẹ̀."

"Ṣé ó burú?"

"Kò burú. Òun gan-an ni mo fi fẹ́ràn rẹ."

Wọ́n fi àdéhùn sí i pé ní oṣù Kejìlá, ìyá Ọlárìndé àti àbúrò bàbá rẹ̀ yóò wá rí Alàgbà.

Ohun kan wà tí Àdùnní kò sọ fún un. Ní àárín ọdún náà, ìwé tín-ín-rín kan dé sórí pẹpẹ ìwé ẹgbẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni *Ọmọbìnrin Aláró*. Ẹni tó kọ ọ́ pe ara rẹ̀ ní Àjèjì. Bàbá rẹ̀ ni Àjèjì. Alàgbà ló fi ọwọ́ kọ ọ́ fún ọdún méjì, Àdùnní ló tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì tẹ àádọ́ta péré. Bàbá mú un búra pé kò ní sọ fún ẹnì kan.

"Bí wọ́n bá mọ̀ pé èmi ni, wọn ó máa yìn mí nítorí irun funfun," ni ó wí. "Mo fẹ́ gbọ́ òótọ́."

Oṣù mẹ́ta kọjá, ẹnì kankan kò mú un kúrò lórí pẹpẹ. Àdùnní ń rí bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń fi ojú wá ìwé náà ní gbogbo ìpàdé, bí ẹni tó ń wo ọmọ rẹ̀ tí wọn kò mú ṣeré. Àánú rẹ̀ ṣe é. Ó mú ìwé náà, ó fi lé Ọlárìndé lọ́wọ́. "Ka èyí," ni ó wí, kò sì fi nǹkan kan kún un.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá, Ọlárìndé dìde pẹ̀lú ìwé náà. Àdùnní rí i tí bàbá rẹ̀ jókòó tààrà, tó gbé ọwọ́ lé orúnkún.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìwé yìí," ni Ọlárìndé wí. "Adéṣínà fẹ́ràn ọmọ aláró. Ó ń rántí àwọ̀ aró tó wà ní ìka rẹ̀, ó ń rántí bó ṣe ń fi apá nu iwájú orí. Bàbá rẹ̀ wá ní kò gbọdọ̀ fẹ́ ẹ, torí pé ìdílé Mùsùlùmí ni ọmọbìnrin náà ti wá. Adéṣínà gbọ́ràn, ó fẹ́ ẹlòmíì, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti ọjọ́ náà kò rántí ọmọ aláró mọ́ láé. Gbólóhùn kan péré!" Ohùn rẹ̀ ti ń ga sókè, bó ṣe máa ń rí bí ìwé bá ti wọ̀ ọ́ lára. "C'est faux. Irọ́ ni ìparí yẹn. Ẹni tó kọ ọ́ ń bẹ̀rù. Inú ìparí yẹn ló sá sí, kí ẹnì kan má bàa rí i."

Ó jókòó. Sandra la ẹnu láti rán an létí pé kò mú oyin wá, ṣùgbọ́n Alàgbà ti dìde. Ó mú fìlà rẹ̀ lórí àga, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde, kò kí ẹnì kan.

Àdùnní bá a nílé, ó jókòó síwájú àwòrán ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí ọmọkùnrin yẹn sọ?" ni ó bi í. "Ó ní irọ́ ni ìyá rẹ."

"Bàbá, ìyá mi kọ́ ló ń sọ. Kò mọ̀..." Òun tó tẹ gbogbo ìwé náà, ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìtàn ló rò pé ó jẹ́. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé bàbá rẹ̀ ni Adéṣínà, àti pé ìyàwó tí Adéṣínà fẹ́ lẹ́yìn ọmọ aláró ni ìyá tó bí òun.

"Mi ò fẹ́ rí àwọn ènìyàn rẹ̀ nílé yìí," ni Alàgbà wí. "Bí wọ́n bá wá, wọn ò ní bá mi."

Àdùnní kò lè jẹun fún ọjọ́ méjì. Sandra nìkan ló sọ òkodoro ọ̀rọ̀ fún, Sandra sì ní ìdáhùn lójú ẹsẹ̀. "Ṣé ọmọ ibí kọ́ ni Ọlárìndé? Kí ó dìde ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ó ní Yorùbá inú ìwé náà ló jìn jù fún òun. Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Ọ̀rọ̀ tán." Àdùnní dì mọ́ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó rí okùn nínú kànga.

Lórí bẹ́ńṣì ẹlẹ́ja ló ti sọ gbogbo rẹ̀ fún Ọlárìndé.

"O mọ̀ pé bàbá rẹ ló kọ ọ́, o sì fi lé mi lọ́wọ́."

"Ó mú mi búra. Mo sì fẹ́ kí ó gbọ́ òótọ́ láti ẹnu ẹni tí mo gbẹ́kẹ̀ lé."

"Ó ti gbọ́ ọ."

"Ọlárìndé, jọ̀ọ́. Sọ pé kò yé ọ dáadáa. Gbogbo wọn mọ̀ pé ibí ni wọ́n bí ọ sí. Gbólóhùn kan péré, ilé wa á ṣí fún ọ padà."

Ó rọra gbé àwo ẹja sílẹ̀. "Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ ọ́ fún mi. Bí mo bá dé Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n á ní ọmọ Kamẹrúùnù ni mí. Níbí, wọ́n á ní ọmọ Nàìjíríà ni mí. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa gan-an, wọ́n á ní Yorùbá mi ò pé. Mo fi oṣù mẹ́rin ti ìka bọ abẹ́ ọ̀rọ̀ bí ọmọ ọdún márùn-ún, nítorí tìrẹ. Nínú gbogbo ènìyàn, ìwọ lo wá ní kí n sọ pé kò yé mi?"

Ọlárìndé dìde, ó kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bí ẹni tó ń dágbére fún oníbàárà, ó sì lọ. Obìnrin ẹlẹ́ja, tí kò gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tó lójú, fi píjìn bá a kẹ́dùn: "Ashia, my sister." Nígbà náà ni omijé bọ́ lójú Àdùnní.

Ọjọ́ kẹta ni ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. "Má sọ ohun tí mo ní kí o sọ. Èmi ni mo jẹ̀bi, kì í ṣe ìwọ. Bí ìyẹn bá tilẹ̀ máa sọ ilé wa di tìrẹ, mi ò fẹ́ kí o fi irọ́ wọ̀ ọ́." Ọjọ́ méjì kọjá kí ìdáhùn tó dé. "D'accord" nìkan ló kọ, pé òun ti gbọ́. Àdùnní ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn títí ojú fi ń dùn ún.

Oṣù Kọkànlá parí. Gbogbo ẹgbẹ́ ló wà níkàlẹ̀. Alàgbà náà wá, nítorí pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n igun yàrá ló jókòó sí, ó wo ilẹ̀. Ọlárìndé wọlé kẹ́yìn pẹ̀lú *Ọmọbìnrin Aláró* lábẹ́ apá. Kí ó tó la ẹnu, Sandra ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà fún un.

"Ẹ má bínú sí arákùnrin wa fún ti oṣù tó kọjá o. Ọmọ ibí ni. Yorùbá inú ìwé yẹn ló jìn jù fún un. Àbí, Ọlárìndé?"

Gbogbo ojú yí sí i. Kò tilẹ̀ nílò láti sọ̀rọ̀. Bí ó bá kàn mi orí, gbogbo rẹ̀ ti tán. Àdùnní di etí àga mú.

"O ṣeun, Sandra," ni ó wí. "Ó yé mi."

Ó gbé ìwé náà sókè kí gbogbo wọn lè rí i.

"Mo rú òfin ẹgbẹ́. Mi ò mú oyin wá, mo sì fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Ìparí yẹn bí mi nínú débi pé mo kọjá lára obìnrin kan láìkí i." Ó ṣí ìwé náà, ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀, ó sì kà á díẹ̀díẹ̀. "'Ìyàwó tuntun náà rí i pé inú ọkọ òun kò dùn. Kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ó kàn yí fìtílà kúrò lójú rẹ̀, kí ó lè ráyè banú jẹ́.'" Ó pa ìwé dé. "Ọwọ́ ẹni tó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ ló kọ èyí. Mo kà á fún ìyá mi, ó ní kí n tún un kà. Oyin mi nìyẹn, ó sì yẹ kí n ti mú un wá láti oṣù tó kọjá."

Ó mí kanlẹ̀. "Ata mi ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó lè kọ ti fìtílà yìí kò nílò irọ́ ìparí yẹn. Mi ò lè mú ìyẹn kúrò."

Ó jókòó. Àdùnní wo bàbá rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò dìde. Ó tẹ orí ba, ó sì ń fi ìka kan pa orúnkún rẹ̀ títí ìpàdé fi parí.

Fún ọjọ́ mẹ́tàlá, kíkọ ni Alàgbà gbájú mọ́. Ó ń jí ní kùtùkùtù, ó ń kọ nǹkan sínú ìwé àjákọ, ó ń fà á ya, ó ń tún un kọ. Ní àárọ̀ Sátidé kan, ó ní kí Àdùnní ti ṣọ́ọ̀bù. "Mú mi lọ síbi tí ọmọkùnrin yẹn ti ń ṣiṣẹ́."

Láàárín àwọn fìríìjì àtijọ́ ni wọ́n ti bá Ọlárìndé ní Deïdo, ọwọ́ rẹ̀ kún fún òróró. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Kò sí àga, nítorí náà Alàgbà jókòó sórí fìríìsà kan tó dojú bolẹ̀, ó sì yọ ìwé àjákọ nínú nálọ́ọ̀nù.

"Nu ọwọ́ rẹ," ni ó wí. "Kà á sókè. Díẹ̀díẹ̀ ni kí o kà á, mi ò kánjú."

Ọlárìndé nu ọwọ́, ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀.

"'Adéṣínà kò gbàgbé ọmọ aláró. Ó rò pé ìyàwó òun kò mọ̀. Ní ọdún tí wọ́n dé ìlú àjèjì, bí wọ́n ṣe fẹ́ jẹun alẹ́, ìyàwó rẹ̀ bi í pé, Kí ni orúkọ rẹ̀? Adéṣínà yí ojú sí fìtílà. Rọ̀kíbátù, ni ó wí. Ìyàwó rẹ̀ pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Orúkọ tó dára ni, ni ó wí. Wá jẹun. Adéṣínà sì lọ jẹun. Ọjọ́ náà ni ó fẹ́ràn rẹ̀.'"

Ibẹ̀ ló parí sí. Àdùnní ti ń sunkún láti ibi tí wọ́n ti dárúkọ Rọ̀kíbátù.

"Bàbá, ṣé Màámi sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Wá jẹun. Ẹ̀wà ni." Alàgbà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Mo rò pé bí mo bá kọ ọ́ pé mi ò gbàgbé, àwọn ènìyàn yóò ní mi ò fẹ́ràn ìyá rẹ. Torí náà mo ní kí Adéṣínà gbàgbé. Mo wá tipa bẹ́ẹ̀ yọ ohun tó dára jù tí ìyá rẹ ṣe fún mi láyé kúrò nínú ìwé." Ó yíjú sí Ọlárìndé. "O ní mo ń bẹ̀rù. Mo bínú sí ọ gan-an ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣílẹ̀kùn irọ́ fún ọ níwájú gbogbo ènìyàn, o ò wọ̀ ọ́. Nítorí náà, oyin kan, ata kan. Mò ń gbọ́."

Ọlárìndé wo ojú ewé náà pẹ́. "Oyin ni pé mo gbà á gbọ́, Bàbá. Gbogbo rẹ̀."

"Ata ńkọ́?"

"Ó kúrú jù. Mo ṣì fẹ́ bá obìnrin yẹn jókòó."

Alàgbà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì fọ́ láàárín. Ó nawọ́ sí Àdùnní. "Ọmọ rẹ̀ nìyí," ni ó wí. "Mú àwọn ènìyàn rẹ wá."

Ó jáde lọ wá ọlọ́kadà fúnra rẹ̀, ó fi àwọn méjèèjì sílẹ̀. Àdùnní kò mọ ibi tí yóò fi ojú sí.

"Mo ṣẹ̀ ọ́," ni ó wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì. Mo fi orúkọ ẹni tó kọ ìwé pamọ́ fún ọ, mo tún ní kí o fi ara rẹ pamọ́."

"Ata yẹn ta mí gan-an," ni Ọlárìndé dáhùn. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, dáadáa, kí ó tó di ọwọ́ Àdùnní mú. "Ṣùgbọ́n ìwọ náà lo kọ̀wé pé kí n má sọ ọ́. Mo ṣì ní i lórí fóònù mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń kà á."

Lẹ́yìn Àjíǹde ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Lẹ́yìn ìsìn, Ẹgbẹ́ Akàwé fà wọ́n wọ yàrá ẹ̀yìn. Alàgbà jókòó síwájú pátápátá, *Ọmọbìnrin Aláró* tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún tẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, orúkọ Alàgbà gan-an lára èèpo ìwé náà. Sandra lu tábìlì.

"Ìyàwó, dìde! Òfin kò mọ ìgbéyàwó. Oyin kan, ata kan, lórí ọkọ rẹ!"

Àdùnní dìde nínú aṣọ funfun. Ó wo Ọlárìndé, ó rí i bó ṣe rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, orí rẹ̀ nínú òjò, ìwé nínú ẹ̀wù rẹ̀.

"Ẹ má bínú," ni ó wí. "Mi ò tíì kà á tán."

Wọ́n hó yèè. Láàárín ariwo náà, Ọlárìndé rọra bi í létí. "Ìparí ńkọ́? Ṣé o ti yọjú wò ó?"

"Rárá," ni Àdùnní wí. "Èyí, ibi tí a bá dé ni mo fẹ́ máa kà."